Ohun Tí Mo Dà Sínú Síńkì

Ẹran Iléyá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gbé Okokomaiko, kò sí Iléyá kan tí ẹran àgbò kì í wọ ilé mi. Ọ̀dọ̀ Alfa ló ti ń wá. Alfa ni púlọ́ńbà tó ń tún omi ilé wa ṣe. Ọmọ Ògùn ni, ó ń gbé ní Iba, ọjọ́ orí rẹ̀ á sì tó àádọ́ta ọdún. Kì í ṣe pé ó ní ilé kéwú o. Nítorí pé kì í fi ìrun ṣeré ni àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, odindi itan àgbò ló gbé wá fún mi nínú abọ́ onídèérí. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ bá wa jẹ ẹ́ o." Mo súre fún un títí ẹnu fi rẹ̀ mí.

Àgbò náà sanra. Nígbà tí mo sè é, ọ̀rá tó léfòó lórí omi rẹ̀ nípọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò gba irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ mọ́, mo bá gbé ìkòkò náà, mo da gbogbo rẹ̀ sínú síńkì kíṣíìnì, mo sì ṣí omi tútù tẹ̀ lé e. Ó wọlé lọ láìjanpata. Mo tilẹ̀ ń kọrin lẹ́nu nígbà tí mò ń fọ ìkòkò.

Ẹ wá wo nǹkan. Lára ògiri ẹnu-ọ̀nà ilé wa, ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà: Ẹ MÁ ṢE DA ÒRÓRÓ, ỌBẸ̀ TÀBÍ OÚNJẸ SÍNÚ SÍŃKÌ. Fúláàtì mẹ́rin ló ń da omi sínú sókáwéè kan ṣoṣo, omi sì wà nínú ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa, kò gba ìwàkiwà. Èmi ni alága àwọn ayálégbé. Mo ti pariwo lé ọmọbìnrin yunifásítì tó ń gbé fúláàtì ẹ̀yìn lórí rí nítorí ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan péré. Ọmọ náà bẹ̀ mí, bẹ̀ mí, mo ṣì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan fajú ro sí i.

Ọjọ́ kẹta, síńkì mi dí. Ọ̀rá àgbò ti dì sínú páìpù bí àbẹ́là. Omi dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ó yẹ kí n pe Alfa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣé kí n ní ẹran tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún mi ni mo fi dí páìpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò? Tàbí kí n ní ìwé ara ògiri yẹn, àwọn ẹlòmíràn ni mo kọ ọ́ fún? Mo ní rárá, ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Mo gbé báàgì, ó di Iyana-Iba.

Nínú ìsọ̀ kan tó kọjú sí ojú ọ̀nà ni mo ti rí kẹ́míkà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé ni ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti na ìgò pupa kan sí mi. Ó ní, "Mummy, this one na baba. Ẹ kàn dà á sí i, kẹ́ ẹ lọ jókòó. Gbogbo ẹ̀ ló máa ṣí." Àwòrán ọwọ́ tí nǹkan ń jẹ lára wà níwájú ìgò náà, lẹ́tà wínníwínní sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí èèrà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà. Dígí ojú mi wà lọ́rùn mi níbi tí mo máa ń so ó kọ́ sí. Mi ò gbé e sójú.

Mo délé, mo da ìdajì rẹ̀ sí síńkì. Ó hó, ó rú èéfín díẹ̀, òórùn kan sì ta sí mi nímú tí ó mú mi húkọ́ jáde sí àgbàlá. Nígbà tí mo padà wọlé, mo fi ọwọ́ kan páìpù tó wà nísàlẹ̀ síńkì, ó gbóná bí ìkòkò. Mo ní áà, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi kò lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò ní sùúrù fún ohun tí kò bá gbọ́ràn. Ìbínú ni mo fi da ìyókù sí i, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, mo tún wá da omi gbígbóná lé e. Ó yọ ìfófòó bí ọṣẹ, lẹ́yìn náà ó parọ́rọ́. Títí di ọjọ́ kejì, omi náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti silẹ̀, ó mọ́ gaara. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé omi ẹ̀rọ lásán ni. Mo wá pe Alfa.

Ó dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kí àwọn ará ilé lẹ́nu géètì ni mo sáré wá ibi tí n ó fi ìgò náà sí. Báàgì tí mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nítòsí. Mo ki ìgò bọ̀ ọ́, ó sùn ti Bíbélì mi.

Alfa ní àṣà kan tí mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, yóò kọ́kọ́ pọn omi kún búta tó fi ń ṣe àlùwàlá, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ ti omi pa lẹ́nu táǹkì. Lọ́jọ́ náà, mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Alfa, ṣé páìpù lẹ wá tún ṣe ni, àbí mọ́sálásí lẹ fẹ́ kọ́ sí kíṣíìnì mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tíṣà, tí mo bá ti lọ́ọ̀kì táǹkì, kò tún sómi nínú ilé yìí mọ́. Alásárì ò sì ní dúró dè mí."

Ó mú páìpù tuntun kan tó gbé dání, ó di ojú òsì, ó sì fi ojú ọ̀tún wo gígùn rẹ̀ bóyá ó tọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ti sọ fún mi rí pé ojú ọ̀tún yẹn ni òun ń jẹ, pé tí òun bá fi wo ìlà, òun ò nílò irinṣẹ́ ìwọ̀n kankan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo omi inú síńkì, ó sì gbójú sókè sí mi.

"Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ ò da nǹkan kan sí i? Kẹ́míkà, sódà? Tẹ́ ẹ bá dà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ. Mi ò ní bínú. Màá kàn mọ bí mo ṣe máa tú u ni."

Ẹ wò ó, ìlẹ̀kùn ńlá ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. Ọkùnrin náà ti bá mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ó ku kí n mi orí. Mo wo ojú rẹ̀, mo rántí itan àgbò, mo rántí ìwé ara ògiri.

"Rárá o," mo ní. "Omi lásán ni."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ki orí bọ abẹ́ síńkì, ó di apá páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ níbẹ̀ mú, ó fẹ́ máa rọra yí i. Òun kò mọ̀ pé kẹ́míkà gbígbóná ti mú ike páìpù náà rọ̀. Kò tíì yí i lẹ́ẹ̀mejì tó fi já sí i lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó wà lókè tú dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ta bá a lójú ọ̀tún. Igbe tí Alfa ké lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà míì tí mo bá ń fọ abọ́.

"Omi! Omi! Ojú mi!"

Mo sáré lọ sí ẹ̀rọ omi tó wà lórí síńkì. Mo ṣí i, atẹ́gùn ló jáde. Ó ti ti táǹkì pa. Mo sáré lọ sí báfùrọ́ọ̀mù, kò sí omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo máa ń pọn omi sílẹ̀ lójoojúmọ́! Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí búta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó kún dẹ́nu. Mo gbé e, mo ní kí ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo sì ń da omi náà sí i lójú díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọkùnrin náà ló da tirẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n búta kì í ṣe kànga. Ó tán.

"Táǹkì!" ó pariwo. "Ẹ lọ ṣí i!"

Ẹsẹ̀ mi tó máa ń dùn mí kò dùn mí lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo fi dé ìdí táǹkì, tí mo ṣí i, ọmọbìnrin yunifásítì ti jáde nítorí ariwo. Òun ló fa Alfa lọ́wọ́ jáde wá sí ìdí ẹ̀rọ omi àgbàlá, tó sì mú kí omi máa ṣàn sí i lójú láìdánudúró. Nígbàkigbà tí Alfa bá fẹ́ gbé orí kúrò, ọmọ náà á ní, "Sir, ẹ ṣì dúró. Ẹ máa jẹ́ kó ṣàn." Nígbà tó pẹ́, ó yíjú sí mi, ó ń fa imú.

"Mummy, kí ló wà nínú omi yẹn gan-an? It's smelling like chemical o."

"Ìdọ̀tí ni," mo ní. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ó wá kẹ̀kẹ́ Márúwá fún wa. Mo gbé báàgì tó wà nítòsí, èmi àti Alfa wọlé, a forí lé ilé ìwòsàn. Aṣọ ìnura tútù ló fi bo ojú ọ̀tún. Òun gan-an ló tún ń tù mí nínú. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ má dààmú. Omi ìdọ̀tí lásán ni, á lọ. Púlọ́ńbà wo ni omi ìdọ̀tí ò ta sí lójú rí?" Gbogbo ojú ọ̀nà náà ni mo fi ń wo ìka rẹ̀, mo sì ń rò ó pé tí ojú yìí bá fọ́, kí ni yóò máa fi wo ìlà?

Dókítà obìnrin kan ló dá wa lóhùn, kékeré báyìí, n bá ti kọ́ ọ ní praimari. Ó la ojú náà, ó fi iná wò ó. Ó ti pọ́n bí ata.

"Kí ló ta sí i?" ó bi í.

"Omi síńkì ni, dókítà. Ìdọ̀tí," Alfa dáhùn.

"Ṣé ó dá yín lójú? Tó bá jẹ́ omi ìdọ̀tí, màá fún yín ní oògùn kíkán, ẹ ó máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ kẹ́míkà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó ṣì lè máa jẹ ojú yẹn lọ bí a ṣe jókòó yìí. A ní láti tún un fọ̀ dáadáa."

Alfa ní, "Ó dá mi lójú. Mo bi ìyá yìí kí n tó ṣí i. Wọn kì í purọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ rìn tó wákàtí méjì. Mo ṣí báàgì ṣọ́ọ̀ṣì mi lórí tábìlì dókítà. Mo kọ́kọ́ yọ Bíbélì, nítorí òun ló wà lókè, lẹ́yìn náà mo yọ ìgò pupa.

"Mo purọ́," mo ní. "Èyí ni mo dà sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò kan."

Dókítà kò bá mi wí. Ó gba ìgò náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó dìde kíá, ó sì pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé Alfa sùn, wọ́n so omi ńlá tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára kọ́ sókè, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa ṣàn wọ ojú rẹ̀. Wọ́n á fi bébà kékeré kan wò ó bóyá kẹ́míkà ti tán níbẹ̀, wọ́n á gbọn orí, wọ́n á tún so òmíràn. Èmi jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ gbàdúrà, ojú tì mí lọ́dọ̀ Ọlọ́run pàápàá.

Nígbà tí dókítà jáde, ó ní, "Màmá, omi tí ẹ kọ́kọ́ dà sí i lójú ẹsẹ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìgò tí ẹ yọ yẹn náà ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí. Kẹ́míkà náà ti jó awọ tó bo ẹyin ojú rẹ̀ níta. Ó lè san pátá, ó sì lè fi ìkùukùu sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká máa wò ó" yẹn, àárín rẹ̀ ni mo gbé fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sí Iba. Ìyàwó rẹ̀ kò bú mi. Àga ló máa ń gbé fún mi, tó sì máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. N bá fẹ́ kó bú mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún Alfa, èmi tí mo bí ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ó di apá mi mú. Ojú ọ̀tún wà lábẹ́ báńdéèjì, ó fi ti òsì wò mí.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Ìyá Tíṣà. Mi ò fẹ́ kí ìyá kúnlẹ̀ fún mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo bi yín."

"Mo mọ̀," mo ní. "Ẹ bi mí."

"Ṣé ẹ̀rù mi ń bà yín ni?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó fèsì, nítorí mo ti pinnu pé mi ò tún ní parọ́ fún un mọ́. "Rárá. Ìgbéraga ni."

Ó mi orí. Ó ní kí ìyàwó òun bu omi tútù fún mi.

Nígbà tí mo darí délé lọ́jọ́ náà, mo já ìwé ara ògiri. Mo kọ òmíràn síbẹ̀: Ẹ MÁ ṢE DA ÒRÓRÓ, ỌBẸ̀ TÀBÍ OÚNJẸ SÍNÚ SÍŃKÌ. TÓ BÁ DÍ, Ẹ MÁ DA KẸ́MÍKÀ SÍ I, Ẹ PE ALFA. TÍ Ẹ BÁ TI DÀ Á, Ẹ SỌ FÚN UN. ÈMI NÁÀ DÀ Á. Ọmọbìnrin yunifásítì dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó wọlé wá kí mi, ó ní, "Mummy, nípa ìrẹsì ọjọ́sí yẹn…" Mo ní kó má parí ẹ̀, kó dárí jì mí.

Gbogbo ìgbà yẹn, mi ò pe púlọ́ńbà mìíràn. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń fọ abọ́ ní àgbàlá. Àwọn ọmọ mi ní kí ni mo ń fi ara mi ṣe. Mo mọ ẹni tí mò ń dúró dè.

Ó dé ní ọ̀sán Sátidé kan. Kò sí báńdéèjì. Ojú náà ṣì pọ́n díẹ̀ ní ìgun, ṣùgbọ́n ó là. Mi ò láyà láti bi í bóyá ó ń ríran. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú síńkì, ó sì gbójú sókè sí mi, gẹ́gẹ́ bí ti ọjọ́sí.

"Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ ò da nǹkan kan sí i?"

Gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún un. Mo ní mo da ìdajì ìgò, mo tún da ìyókù, mo da omi gbígbóná. Mo ní láti ọjọ́ yẹn, mi ò da nǹkan kan sí i mọ́. Ó ní ṣé ó tán. Mo ní rárá, ó ku ohun tó dí i. Mo ní ọ̀rá àgbò ni.

"Àgbò wo?"

"Tiyín."

Ó wojú mi, ó wo síńkì. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ méjèèjì. "Àgbò tí mo fọwọ́ ara mi pa!" ló ń wí. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní tó bá di Iléyá tó ń bọ̀, òun á gbé agolo òfìfo mọ́ ẹran náà. Kí n máa da ọ̀rá síbẹ̀ kó dì, kí n kó o dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó tó dìde ni mo ti gbé búta rẹ̀. Èmi ni mo pọn omi kún un lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tètè tó o. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tú ohun tó kù, ó fi wáyà gígùn fa ọ̀rá náà jáde, ó funfun, ó sì le. Ó fi páìpù tó ti wó hàn mí, bí ike rẹ̀ ṣe tẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó to tuntun sí i. Nígbà tó lọ ṣí táǹkì, tí mo ṣí omi, ó lọ fúúú, kò fi kán kan sílẹ̀.

Ó wá rí ìgò pupa náà lórí fèrèsé. Dókítà ti dá a padà fún mi, mo sì ti da ìyókù rẹ̀ nù bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e síbẹ̀ kí n lè máa rí i. Alfa mú un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó na ìgò síwájú ìmọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà wínníwínní yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ praimari kẹta: "If… you… call… a… plumber… tell… him… what… you… have… poured…" Ó fẹ́ fo ọ̀rọ̀ kan. Àṣà tíṣà kì í kúrò lára. Mo ní, "Ẹ padà, ẹ má fo ìkankan."

Ó yíjú sí mi, ọwọ́ ṣì wà lórí ojú òsì. "Ìyá Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò kà á rárá, ẹ̀yin lẹ tún ń màákì mi?"

Mo fẹ́ fèsì ni mo wá rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ojú tó fi ń kàwé, mo wo bí lẹ́tà náà ṣe kéré tó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

"Alfa, ojú wo lẹ fi ń kà á?"

"Ọ̀tún ni," ó ní pẹ̀lẹ́. "Mo ti ń fi ríran dáadáa láti àná. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i ni."

Mo sunkún, mi ò ní parọ́. Ó dúró dè mí títí mo fi nu ojú tán, ó sì na ìgò náà sí mi. Ó ní ó ṣì ku ìlà mẹ́rin, òun sì fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbé dígí mi sójú, mo sì ka ìyókù fún un.